Ìgbànú Tí A So Mọ́ Àgbò

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, dúró ná. Kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìgbànú rẹ. Bí iná rẹ̀ bá pupa, pa ìwé dé, má kà á síwájú, torí ìgbànú máa ń gbọ́ lóru bí inú ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, wọ́n á sì wá bi ọ́ pé kí lo jẹ. Bí iná rẹ̀ kò bá pupa, o lè jókòó. Ṣùgbọ́n má kà á sókè. Má sì kà á fún ẹni tí o kò mọ ilé rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀. Bó ṣe rí ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun kan tún wà, kí n tó gbàgbé. Bí inú bá ń run ẹnìkan nílé rẹ, tí ìrora náà bá kúrò nídìí ìdodo tó wá jókòó sápá ọ̀tún nísàlẹ̀, má fún un ní oògùn ìfọnú. Má ṣe é. Jọ̀wọ́.

"Ẹ nàró dáadáa," mo sọ fún ọkọ mi, mo rọra sọ ọ́. "Ẹ má tẹ̀. Wọ́n ń wò wá."

"Mo nàró."

Kò nàró. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀. Mo dúró tì í, mo fi èjìká mi gbé e díẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa lè rò pé eré tọkọtaya ni. Ìlà Ilé Àjẹyó gùn láàárọ̀ yẹn. Gbogbo Òkè Aláró ló wà níbẹ̀, oníkálukú ti ká aṣọ sókè díẹ̀ kí ìgbànú rẹ̀ lè hàn. Bí ènìyàn bá dé ẹnu géètì, géètì á ka ohun tí ìgbànú rẹ̀ gbọ́ lóru, á sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. Òru nìkan ni ìgbànú ń gbọ́ nǹkan. Ariwo ọ̀sán pọ̀ jù fún un.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé," ó kí mi. Ohùn obìnrin ni, ohùn ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Àyà ń ta yín díẹ̀. Ẹ dín ìrònú kù. Ẹ wọlé."

Àyà ń ta mí lóòótọ́. Ó ti pẹ́. Bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹyin iná mì ló máa ń rí, àgàgà bí mo bá tètè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n iná mi ò tíì pupa. Kí àyà máa ta ènìyàn, ìbáwí ni. Kí inú máa run ènìyàn, ẹjọ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lókè ibi tí a ti ń fọwọ́: KÒ SÍ INÚ RÍRUN NÍNÚ OÚNJẸ WA. ẸNI TÍ INÚ BÁ RUN, Ó TI JẸ OHUN MÌÍRÀN. Ẹni tó bá jẹ ohun mìíràn, yálà ẹja odò ni o, yálà àgbàdo tó dá sun lóko, wọ́n á ti Ilé Àjẹyó mọ́ ọn. Wọ́n á sì tì í mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé tiwa, yàrá mẹ́wàá ni. Ọmọ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Torí náà, bí inú bá ń run ọ́ nílé wa, ará ilé gan-an lo máa kọ́kọ́ sá fún.

Ó kan ọkọ mi.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun." Mo di apá rẹ̀ mú. "Inú yín dára púpọ̀púpọ̀. Oúnjẹ ń dà ní gbogbo òru, kò sinmi. Láti oṣù tó kọjá, a ò tíì gbọ́ ikùn tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Òkè Aláró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Tinú!" Sìkírù ló pariwo bẹ́ẹ̀, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. "Ẹ yá mi ní ikùn yín, ọjọ́ kan péré! Tèmi ń kùn bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata!"

"Ìyàwó wọn ló ń bá wọn fọwọ́ pa á," obìnrin kan dá a lóhùn. "Ìwọ, ta ló máa fọwọ́ kan tìẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ìgbànú tí wọ́n ń yìn.

Géètì ju búlọ́ọ̀kù méjì sí i dípò ẹyọ kan. Ẹ̀bùn ni. Búlọ́ọ̀kù ni a ń pe oúnjẹ yẹn, torí bó ṣe rí nìyẹn, òun ni a ń jẹ láàárọ̀, òun ni a ń jẹ lálẹ́. A jókòó. Gbogbo ojú wà lára wa, wọ́n fẹ́ rí bí onínúire ṣe ń jẹun. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, kò gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ju ìyókù sínú ìró mi nígbà tí wọ́n yíjú, ọ̀ràn sì nìyẹn náà.

Kì í ṣe ọkọ mi ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Àgbò ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló ni àgbò náà. Ìyá àgbà ni, ó ti ṣe nọ́ọ̀sì láyé tí ènìyàn ṣì ń fọwọ́ kan ikùn ẹnìkejì láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ Ikùn, àwọn tó so ìgbànú mọ́ wa, ní kó máa gé koríko ilé ìwé tó di ahoro tí ẹ̀rọ kò lè dé ìdí rẹ̀; wọn ò mọ̀ pé àgbò kan wà níbẹ̀ tó ń bá a jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ sọ àgbò náà ní Alága, torí bó ṣe máa ń fẹ̀ jókòó. Gbogbo òru ni Alága fi ń jẹ àpọ̀jẹ. Inú rẹ̀ ń ró, ń yí, ń dà, kò dákẹ́ rárá. Ìgbànú fẹ́ràn ìyẹn. Kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran. Ohun tó ń ró dáadáa ló mọ̀.

Bí inú bá ti ń run ènìyàn ládùúgbò wa, ìrọ̀lẹ́ ló máa lọ kí Màmá Nọ́ọ̀sì, ìgbànú á wà lábẹ́ aṣọ. Nígbà mìíràn, ìgbànú mẹ́rin ló máa ń wà lára Alága bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ṣùgbọ́n Màmá kì í gba ìgbànú kó tó bi ènìyàn pé, "Níbo ló ti ń run ọ́? Fi ìka kan hàn mí. Má fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ikùn fún mi." Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan ńlá. Sìkírù kì í mu omi, ìgbẹ́ ti gan mọ́ ọn nínú. Ó ní kó máa mu omi, kó máa rìn yí ilé ìwé ká, kó má sì máa fún ìgbẹ́ mọ́ra nítorí ìlà. Ìyàwó Sìkírù, oògùn orí fífọ́ ló ń gbé mì láìjẹun, oògùn náà ti ń dá egbò sí i nínú. Ọmọ ìyá kan tó ń ṣu omi, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà nínú omi tí wọ́n ti sè ló ní kí wọ́n máa fún un, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má dá a dúró bó tilẹ̀ bì í. Èmi, ó ní kí n yé dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí n gbé orí mi ga bí mo bá ń sùn, kí n sì yé bẹ̀rù. Mo fi èyí tó gbẹ̀yìn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kan ọkọ mi, ìgbànú nìkan ni mo gbé lọ. Mo ní gáàsì ni. Ojú ń tì mí, torí mo ti wá sọ tèmi lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá wò mí, ó ní, "Gáàsì? Sọ fún un kó wá fúnra rẹ̀ lọ́la." Mo ní ó máa wá. Iná ìgbànú náà ti kúrò ní pupa, ṣé o rí i, nígbà tí iná sì ti tutù, ó ṣe mí bíi pé ara rẹ̀ náà ti yá. Bí gbogbo wa ṣe máa ń rò ó nìyẹn. Màmá ti kìlọ̀ pé kí ìgbànú má ju òru kan lọ lára àgbò. Tiwa ti lo mẹ́ta.

Nígbà tí a jáde ní Ilé Àjẹyó láàárọ̀ yẹn, ọkọ mi yà sẹ́yìn ògiri, ó bì. Mo fẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

"Ṣé ìdodo náà ni?"

"Ó ti kúrò níbẹ̀." Ó fi ìka kan ibẹ̀, ìsàlẹ̀, apá ọ̀tún. "Ó ti wá sí ibí."

Inú mi balẹ̀. Mo rò pé bó bá ti ń rìn, ó ń jáde lọ nìyẹn. Kò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì rò pé ohun tó há náà ló ń run ún. Bí a ṣe délé, mo fún un ní oògùn ìfọnú tí ìyá mi fi sílẹ̀, ife kan, ó gbé e mu torí ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Láàárín ọ̀sán, ó ti ká ẹsẹ̀ sókè, kò lè nà án. Ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Ó ki aṣọ bọ ẹnu kí Sìkírù má bàa gbọ́ ọ.

Mo sáré lọ pe Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó gbé agbọ̀n koríko sórí bí ẹni tó ń wá àlòkù, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Lánipẹ̀kun, húkọ́."

Ó húkọ́. Ó di apá ọ̀tún mú, ó jágbe sínú aṣọ. Màmá fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó wá yọ ọwọ́ lójijì. Nígbà tó yọ ọwọ́ ni ọkọ mi fò sókè.

"Kí lo fún un?"

Mo sọ fún un.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Abọ́sẹ̀dé, ìgbànú lo gbé wá bá mi. O ò gbé ènìyàn wá. Kì í ṣe gáàsì. Kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ìfun kékeré kan wà níbẹ̀ bí ìka ọmọ, apẹ́ńdíìsì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wú nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ènìyàn jẹ nǹkan kan. Tiẹ̀ ti wú. Bó bá bẹ́ sí i nínú, ó parí. Oògùn tí o fún un yẹn lè bẹ́ ẹ. Omi gbígbóná ò lè ṣe é, ata ilẹ̀ ò lè ṣe é, èmi ò lè ṣe é. Wọ́n máa là á ni. Lónìí."

"Ọsibítù Àjọ?"

"Ṣé òmíràn wà ni?"

"Màmá, ìgbànú rẹ̀ ń sọ pé ara rẹ̀ le ju ti gbogbo ìlú lọ."

"Mo mọ̀. Sọ òótọ́ fún wọn. Sọ pé èmi ni mo ni àgbò. Mo ti gbó, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

Ó rọrùn láti sọ. Mo wo ìgbànú ọkọ mi, irun àgbò há sí ẹnu ìdè rẹ̀, méjì, mẹ́ta. Irun bẹ́ẹ̀ wà nínú ìgbànú ìdajì àdúgbò. Bí wọ́n bá mú Alága, tí wọ́n tú àwọn ìgbànú wa wò, ilé mélòó ni wọ́n máa tì? Oyún ìyàwó Sìkírù ti wọ oṣù kẹjọ.

Kẹ̀kẹ́ tó ń wa ara rẹ̀ ló gbé wa. Gbogbo gegele tó bá kọlù, ọkọ mi á dún. Lẹ́ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá Tinú, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ti àwọn ọmọ yẹn síta." Mo ní kó dákẹ́. Tinúadé, ọmọ wa kan ṣoṣo, òkè òkun ló wà. Àwọn ọmọ ilé ló ń sọ.

Ilẹ̀kùn ọsibítù kò ní ọwọ́ tí ènìyàn lè fà. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi ti géètì.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun. Ikùn yín wà lára àwọn tó dára jù. Ẹ kò nílò wa. Ẹ padà sílé, ẹ kú ìsinmi."

"Inú ń run wọ́n!" Mo fọwọ́ lu ilẹ̀kùn. "Ẹ wò wọ́n!"

"Ẹ kò nílò wa. Ẹ kú ìsinmi."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fara ti ògiri, ètè rẹ̀ ti funfun. Mo lu ilẹ̀kùn títí fèrèsé kékeré kan fi ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan yọjú. Ó so orúkọ mọ́ àyà: Dẹ̀hìndé, Ọ̀gá Ìwádìí. Ọmọ ìkẹyìn ìyá mi jù ú lọ. Ẹ̀rọ ń pè mí ní "ẹ". Òun pè mí ní "ìwọ".

"Ìwọ, kí lò ń lu ilẹ̀kùn ìjọba fún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Inú ń run ọkọ mi. Ó máa kú."

Ó wo dígí ọwọ́ rẹ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ ìgbànú ti ń hàn. "Inú ẹni yìí ò run ún. Ikùn àwòkọ́ṣe ni."

"Ìgbànú ò sí lára rẹ̀ lóru."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ lórí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Ara kí ló wà?"

"Ara àgbò."

"Áà." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń sọ fún wọn pé àgbò kan wà ní Òkè Aláró. Wọn ò gbà mí gbọ́. Àgbò ta ni?"

Ọkọ mi ń kérora nílẹ̀. N kò wò ó. Bí mo bá wò ó, màá sọ ọ́. Mo ní, "Tèmi ni. Mo rà á lọ́wọ́ àwọn ará igbó."

"Mú un wá kí n rí i. Bí mo bá rí i, a ó tún àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ ṣe, ilẹ̀kùn á ṣí."

"Kò sí mọ́."

"Ó lọ síbo?"

Àyà mi ń ta mí, ó ń jó títí dé ọ̀fun. Mo wo ògiri tó wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí mo máa ń rí láràárọ̀ bí mo bá ń fọwọ́. Ẹni tí inú bá run, ó ti jẹ ohun mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà pé ó lè run ènìyàn nínú láyé yìí nìyẹn.

"A ti jẹ ẹ́," mo ní.

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"Èmi àti òun. A pa á, a sè é, a jẹ ẹ́. Òun ló ń run ún."

Ó dùn mọ́ ọn. Mo rí i. Gbogbo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bọ́ sí i. "Ó bófin mu," ó ní. Ó fọwọ́ kan dígí. "Ìdí àìsàn: ìjẹkújẹ." Ilẹ̀kùn ṣí kíá. "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun," ilẹ̀kùn ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wọlé."

Obìnrin aláṣọ funfun kan fa ibùsùn jáde. Ó tẹ ikùn ọkọ mi, ó yọ ọwọ́ lójijì bíi ti Màmá. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wò mí. Dókítà ni. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹran. Ó wo Dẹ̀hìndé, ó tún wò mí, ó gbé ojú kúrò, ó fa ibùsùn wọlé. Ọkọ mi na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ wa ò kanra. Ilẹ̀kùn pa dé.

Mo mọ ohun tí mo ṣe sí ilé wa. Yàrá mẹ́wàá ni wọ́n máa tì mọ́ta, Sìkírù wà lára wọn. Ilé kan. Mo ń sọ fún ara mi pé ilé kan kéré sí gbogbo àdúgbò. Kò kéré lójú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Dẹ̀hìndé jókòó, ó gbé dígí síwájú ara rẹ̀. Ẹ̀yìn dígí ló kọjú sí mi.

"Odidi àgbò," ó ní. "Ẹ̀yin méjì. Kò ṣeé ṣe. Ta ló bá yín jẹ ẹ́?"

Kò sí ẹni tó bá wa jẹ ẹ́, torí kò sí ohun tí a jẹ. Alága wà lẹ́yìn ilé ìwé, ó ń jẹ koríko. Bí mo bá sọ ìyẹn, wọ́n á gbé ọkọ mi padà síta pẹ̀lú ikùn tí wọ́n là sílẹ̀. Bí mo bá sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí kò fẹnu kan ẹran rí ni mo dárúkọ.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í là á," ó ní. Ó tẹ orí sórí dígí náà. "Mò ń rí wọn. Mò ń rí ohun gbogbo níbí. Orúkọ kan, n ó sì sọ fún ọ bóyá ó ṣì ń mí."

Mo wo ojú rẹ̀, kí n lè rí àwòrán náà nínú ẹyinjú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan ni mo rí.

"Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń gé koríko fún ìjọba," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Mi ò ní kí o sọ̀rọ̀. Ṣáà mi orí."

Mo mú ọrùn mi le. Mo ń bẹ̀rù pé orí lè dá mì fúnra rẹ̀.

"Ó dáa. Jẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ọ rẹ́. Ẹni tí o kórìíra. Gbogbo wa la ní irú rẹ̀." Ó fi ìka lu dígí náà. "Ọkọ rẹ mà ni, obìnrin yìí. Ṣé o ò fẹ́ mọ̀ ni?"

Mo fẹ́ mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ mọ̀.

"Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́," mo ní.

Ó tún bi mí. Ó bi mí pẹ̀lú ariwo, ó tún bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Mo ń wo ẹ̀yìn dígí náà. Kò rí orúkọ kankan gbà lẹ́nu mi.